Gàárì Tí Ọdẹ́níyì Kọ̀ Láti Fi Ẹ̀yìn Ara Rẹ̀ Gbé

Ojú Kì í Rí Ẹ̀yìn Olójú. Ohun Tí A Fi Pamọ́ Sábẹ́, Abẹ́ Ló Ti Ń Gúnni. Àwọn awo méjì yìí ni wọ́n wo ọ̀ràn Ọdẹ́níyì, ọmọ ọdẹ ìlú Òkè-Ẹ̀ṣọ́, tó fi igbó sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ awọ, nígbà tí gàárì àkọ́kọ́ rẹ̀ fẹ́ jáde nílé. Wọ́n ní kó rúbọ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ má baà di ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Wọ́n sọ gbogbo ohun tí yóò fi rúbọ fún un, wọn kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó fi èyí tó le sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí èyí tó fi sílẹ̀ bá a dé, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú títí di òní.

Ọdẹ́níyì kì í ṣe ọmọdé nígbà náà. Ó ti gbéyàwó, ó ti pa ẹran tí wọ́n fi orin kí i, kí ẹfọ̀n kan tó kàn án nítan. Egbò náà san, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tọ́ mọ́. Ọdẹ tí kò lè sáré, ẹran ni yóò máa dẹ ẹ́ kiri. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ló ń gé koríko fún àwọn ẹṣin Balógun, òun ló sì gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ bá Bàbá Ọnàdípẹ̀, àgbà oníṣẹ́ awọ, kó lọ kọ́ṣẹ́. Ó ní láti kékeré ni ọkọ òun ti ń bó awọ lára ẹran, kó wá lọ kọ́ ohun tí wọ́n ń fi awọ ṣe. Ọdẹ́níyì lọ, ṣùgbọ́n ìtìjú bá a lọ. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti ń kọjá, wọ́n á béèrè bóyá ó lè bá wọn rán ṣòkòtò. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ó ń jó o lára.

Ní Òkè-Ẹ̀ṣọ́, ohun èlò ẹṣin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awọ. Níbòmíràn, àpò àti apó ọfà àti tìmùtìmù ni ọmọ iṣẹ́ ń kọ́kọ́ ṣe. Bàbá Ọnàdípẹ̀ kì í gba bẹ́ẹ̀. Ó ní bí àpò bá já, iṣu ló máa dà sílẹ̀. Bí okùn ìjánu bá já, ènìyàn ni. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ yáa bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀rù ti ń bani, kí ọwọ́ rẹ̀ lè gbọ́n.

Nítorí náà Ọdẹ́níyì rẹ awọ sómi, ó fá irun rẹ̀, ó fi ọ̀rá nù ún, òórùn rẹ̀ kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́ bó ti wù kó wẹ̀ tó. Ó kọ́ bí a ṣe ń gé ọsán, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń bó lára awọ, láìjẹ́ kó fẹ̀ níbì kan kó tín-ín-rín níbòmíràn. Ó fi ìlu, irin ẹlẹ́nu ṣóṣóró, dá awọ lu, ó sì fi dá ọwọ́ ara rẹ̀ lu pẹ̀lú. Ó ṣe okùn ìjánu, Bàbá tú u. Ó tún un ṣe, Bàbá tún tú u. Ó ṣe ọ̀já tí a ń gbà yí ikùn ẹṣin ká, Bàbá fà á já lójú rẹ̀, ó jù ú sí i lẹ́sẹ̀. Inú bí Ọdẹ́níyì. Òun tó dojú kọ ẹfọ̀n, wọ́n wá ń fi òun ṣe ọmọdé nítorí okùn.

Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já geere. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń já geere ni ojú rẹ̀ ń rí àbùkù nínú iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ẹ kò rí nǹkan? Ẹni tí kò tíì mọ ọ̀nà, ó ti ń bú ẹni tó ń mú un lọ. Ohun tó rí ni pé gbogbo kókó ọsán tí Bàbá fi ń rán ìtẹ́lẹ̀ gàárì, òkè ló ń ta á sí, níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i. Ìtẹ́lẹ̀ gàárì yìí ni apá tí a fi òwú kún, tó ń bá ẹ̀yìn ẹṣin pàdé. Àwẹ̀ró sì ní tìmùtìmù kan nílé, tí àlejò kan fi ta á lọ́rẹ. Gbogbo kókó ìyẹn, abẹ́ ló wà, òkè rẹ̀ sì ń dán. Ọdẹ́níyì fi èyí wé èyí. Ó gbà pé ojú Bàbá ló ti ń ṣú, àánú rẹ̀ sì ṣe é díẹ̀. Kò béèrè. Pé kí ènìyàn bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè ìdí tí kókó fi ń wà lókè, kò wúwo lẹ́nu rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gbà pé òun mọ̀, ìbéèrè a máa wúwo fún un ju odó lọ.

Ọdún Ògún ń bọ̀. Gàárì Balógun ti gbó. Bàbá Ọnàdípẹ̀ ní Ọdẹ́níyì ni yóò ṣe tuntun, iṣẹ́ náà ni wọn yóò sì fi gbà á sí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ awọ. Bó bá dára, ó di ẹni tí yóò máa jẹun nínú iṣẹ́ náà títí ayé. Bí gàárì ọ̀hún bá da Balógun ṣubú, wọn yóò ṣẹ́ ìlu rẹ̀ lójú ọjà, kò sì ní fọwọ́ kan awọ mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ẹ̀ṣọ́. Igbó ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí awọ bá tún kọ̀ ọ́, kò sí ibi tí yóò fi ara sí. Bàbá fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó ní kó má gbàgbé láti bi Ifá léèrè kí gàárì náà tó jáde nílé, ó sì kọrí sí ìlú ìyàwó rẹ̀ láti lọ sin àna rẹ̀.

Gàárì náà dára lójú, a kò lè parọ́ mọ́ ọn. Awọ pupa ló wà nísàlẹ̀, ó fi funfun gé ọnà sára rẹ̀, ó fi dúdú yí etí rẹ̀ po. Òkè rẹ̀ ń dán, kò sí kókó kan tó yọjú. Abẹ́ ni Ọdẹ́níyì ta gbogbo wọn sí, ó sì fà wọ́n le dáadáa, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti kọ́ ọ pé kí ó máa fà wọ́n. Ó gbé gàárì náà sójú oòrùn, ó ń yí i po, inú rẹ̀ ń dùn.

Ó wá lọ sọ́dọ̀ àwọn awo. Wọ́n ní kó fi àkùkọ adìyẹ rúbọ, kó fi epo àti ẹ̀kọ kún un, kó fi aṣọ ara rẹ̀ kún un. Ó ní kò burú. Wọ́n ní ó ku ẹyọ kan. Kó bọ́ ẹ̀wù, kí wọ́n di gàárì náà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ níhòòhò, kí wọ́n gbé àpò ọkà lé e, kó sì gbé e gba àárín ọjà kọjá títí dé ẹnu ọ̀nà Balógun. Wọ́n ní ẹṣin kankan kò gbọdọ̀ gbé e kí Ọdẹ́níyì fúnra rẹ̀ tó gbé e.

Ọdẹ́níyì dìde nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin awo, ẹsẹ̀ mi tó wọ́ yìí lẹ fẹ́ kí ọjà fi ṣe ìran wò? Ọdẹ ni mí. Èmi kì í ṣe ẹṣin."

Èyí tó dàgbà nínú wọn kò bá a jiyàn. Ó ní ohun tí Ifá wí ni àwọn wí, bó bá ń rú u kó rú u, bí kò bá sì fẹ́, kó má sọ pé àwọn kò sọ fún òun.

Ọdẹ́níyì rú àkùkọ. Ó rú epo, ó rú ẹ̀kọ, ó bọ́ aṣọ sílẹ̀ fún ẹbọ. Ó fi èyí tó kù sílẹ̀. Ó ní ẹbọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, Èṣù yóò gbà á. Ẹ wo ènìyàn! Àkùkọ ló kú, kì í ṣe òun. Epo ló dà sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun tí kò dùn ún, tayọ̀tayọ̀ ló fi rú u. Gbogbo wa la mọ òwe pé ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. À ń pa á fún àwọn ọmọ wa. Bí igi bá wá bọ́ sí ọwọ́ àwa fúnra wa, òwe náà a fò lọ.

Ọjọ́ ọdún pé. Balógun jáde lórí Ẹ̀fúùfù, ẹṣin pupa tó gbé e lọ sógun tó sì gbé e bọ̀. Àwọn ènìyàn rí gàárì, wọ́n ń béèrè ọwọ́ tó ṣe é. Ọdẹ́níyì yọ àyà síta láàárín wọn, lójú àwọn ọdẹ tó ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Bí Balógun ti jókòó tó fi gbogbo ara lé gàárì ni ẹṣin ti etí rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ń yí ìdí, ó ń yí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tí kòkòrò wọ inú ẹ̀wù rẹ̀. Balógun rò pé gàárì ló dẹ̀, ó ní kí wọ́n tún fa ọ̀já le sí i. Wọ́n fà á le. Bó ti tún jókòó pọ̀mù, Ẹ̀fúùfù fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lu afẹ́fẹ́, ó ju Balógun sílẹ̀ láàárín ọjà, apá Balógun sì yẹ̀.

Ẹ bá mi ka iye ènìyàn tó wo abẹ́ gàárì. Kò sí. Igi ni wọ́n mú. Wọ́n na ẹṣin náà, wọ́n nà án nítan, wọ́n nà án lójú. Wọ́n ní ó ya wèrè. Ẹlòmíràn ní àwọn ọ̀tá ló rán nǹkan sí i. Balógun nílẹ̀ níbi tó wà ní kí wọ́n so ó mọ́ òpó ojúbọ Ògún lẹ́nu ọ̀nà òun, bí ilẹ̀ bá mọ́, kí wọ́n bẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ẹṣin kò ní ẹnu tó lè fi ro ẹjọ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé Ọdẹ́níyì wà níbẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó ń pariwo pé ẹṣin burúkú ni.

Àwẹ̀ró ló lọ tú gàárì kúrò lẹ́yìn ẹran náà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè sún mọ́ ọn. Ó gbé e wálé nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó ń rojọ́ wèrè ẹṣin fún aládùúgbò. Ó dúró títí aládùúgbò fi lọ. Ó yí gàárì náà dojú dé, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Gbogbo abẹ́ rẹ̀ ló kún fún ẹ̀jẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀fúùfù ń gba koríko lọ́wọ́ mi, kò bù mí jẹ rí. Ẹ fọwọ́ kan ibí yìí. Kókó tó gún un wọ̀nyí, ṣé ẹṣin ló ta wọ́n?"

Ọdẹ́níyì fọwọ́ kàn án. Àwọn kókó náà ti gba òwú kọjá, wọ́n le bí òkúta, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Ó kọ́kọ́ bínú sí ìyàwó rẹ̀. Ó bínú sí àwọn awo, ó bínú sí Bàbá Ọnàdípẹ̀ tó lọ sìnkú tó fi òun nìkan sílẹ̀. Ìbínú náà lọ káàkiri, kò rí ilé tí yóò wọ̀, ó padà wá bá a nílé. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì.

Àwẹ̀ró kò gbè é, kò sì bú u. Ó ní gbogbo ìlú ti dá ẹṣin lẹ́bi. Bí ọkọ òun bá dákẹ́, wọn yóò pa ẹṣin lówùúrọ̀, wọn yóò sì gbà á sí ẹgbẹ́, nítorí gàárì rẹ̀ dára lójú. Bó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò ṣẹ́ ìlu rẹ̀. Ó ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tí ẹ ó ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bẹ́ ẹ, n kò ní jókòó lórí tìmùtìmù kankan nínú ilé yìí mọ́." Ó wọlé, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Ọdẹ́níyì pè é jáde. Ó ti bọ́ ẹ̀wù. Ó ní kó di í. Àwẹ̀ró di gàárì náà mọ́ ọn lẹ́yìn, ó fa ọ̀já le gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fà á lára ẹṣin, kò dẹ̀ ẹ́ fún un. Ó gbé àpò ọkà lé e. Bí àpò náà ti balẹ̀ ni kókó wọlé sí i lára, Ọdẹ́níyì sì ké. Ní àkókò yẹn gan-an ni iyè rẹ̀ là. Kò sí ọ̀rọ̀ tí Bàbá tàbí awo ìbá fi yé e tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gba àárín ọjà. Àwọn tó ń tẹ́ igbá rí ọkùnrin arọ tó ru gàárì, ẹ̀rín pa wọ́n. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ ọ bí ẹṣin ṣe ń rìn. Ohun tó tìtorí rẹ̀ kọ ẹbọ, gbogbo rẹ̀ ló bá a, kò sí èyí tó dín. Ó ń rìn lọ. Nígbà tó kọjá tí wọ́n rí ohun tó ń ṣàn wá sí ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ẹ̀rín náà kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e, wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà Balógun, wọ́n ti tú Ẹ̀fúùfù kúrò lára òpó, idà ti wà níta. Ọdẹ́níyì dọ̀bálẹ̀ tòun ti ẹrù lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Balógun, ẹ wo ẹ̀yìn mi kí ẹ tó wo ọrùn ẹṣin. Ọwọ́ mi ló jù yín sílẹ̀."

Wọ́n tú gàárì kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Balógun súnmọ́ ọn tòun ti apá tó so kọ́rùn, ó wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Ó lọ wo ẹ̀yìn ẹṣin. Egbò kan náà ni, bí wọ́n ti tò sára èyí ni wọ́n tò sára tọ̀hún. Òun ló ní kí wọ́n fa ọ̀já le sí i, òun ló ní kí wọ́n bẹ́ ẹ. Ojú tì í, ojútì ọ̀hún sì di ìbínú, bó ti máa ń rí lára àwọn ẹni ńlá. Ó ní kí wọ́n lọ mú ìlu Ọdẹ́níyì wá. Wọ́n mú un wá, wọ́n ṣẹ́ ẹ lójú rẹ̀. Ọdẹ́níyì kò bẹ̀bẹ̀.

Èṣù, tí kì í jẹ́ kí ẹbọ pé kó má fín, ti fún Bàbá Ọnàdípẹ̀ ní ẹsẹ̀ kíákíá láti òru mọ́jú. Eruku ọ̀nà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tó yọ. Wọ́n rojọ́ fún un. Ó bọ́ agbádá, ó kẹ̀yìn sí wọn. Àpá dúdú kéékèèké wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tò lọ láti èjìká dé ìbàdí.

Ó ní òun náà ti jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rí. Ó ní abẹ́ lòun náà kọ́kọ́ ta kókó sí, nítorí ọmọ iṣẹ́ tó bá ti mọ ẹwà níí ṣe bẹ́ẹ̀. Ifá ní kóun gbé e, òun sì gbé e kí ẹṣin kankan tó rí i. Láti ìgbà náà ni òun ti ń fi kókó sókè, kí ojú ènìyàn rí ohun tó burẹ́wà, kí ẹ̀yìn ẹṣin rí ìsinmi.

Nílẹ̀ níbi tó wà, Ọdẹ́níyì ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?"

Bàbá Ọnàdípẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ṣé o béèrè?"

Bàbá ki ọwọ́ sápò, ó mú ìlu tirẹ̀ jáde, irin tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti jẹ tán. Ó sọ fún Balógun pé òfin ti mú èyí tó jẹ́ tirẹ̀, ìlu tó rán gàárì yẹn ti ṣẹ́. Ẹni tó ru gàárì wá síbí kì í ṣe ẹni tó rán an mọ́, òun sì fẹ́ fi èyí fún ẹni tó rù ú. Balógun wo ẹṣin, ó gbà. Ṣùgbọ́n ó ní Ọdẹ́níyì kò gbọdọ̀ fi dá awọ lu títí ẹ̀yìn Ẹ̀fúùfù yóò fi san, Ọdẹ́níyì fúnra rẹ̀ ni yóò sì tọ́jú ẹṣin náà.

Ọdẹ́níyì ń fi òrí pa á lójoojúmọ́. Ẹ má rò pé ẹṣin náà tètè dárí jì í. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀ ni yóò kọ ìdí sí i, ó sì ta á nípàá. Ọdẹ́níyì a dìde, a gbọn eruku, a tún bu òrí. Nígbà tí egbò san, ó ṣe gàárì mìíràn. Ó ta gbogbo kókó sókè, wúruwùru, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ tó fi bọ́ ẹ̀wù, tó ní kí Àwẹ̀ró di í mọ́ òun lẹ́yìn. Ó gba àárín ọjà kọjá. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ ló bá a gbé àpò ọkà lé e.

Nígbà tí wọ́n gbé gàárì náà lé Ẹ̀fúùfù, ẹṣin náà gbóòórùn rẹ̀, ó gbóòórùn Ọdẹ́níyì. Ó dúró jẹ́ẹ́. Balógun gùn ún yí ìlú ká. Wọ́n gba Ọdẹ́níyì sí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ awọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rere, ó ní ọmọ iṣẹ́, ó ní ilé.

Ó wá ń yin àwọn awo rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ti wí náà ló rí: Ojú Kì í Rí Ẹ̀yìn Olójú, Ohun Tí A Fi Pamọ́ Sábẹ́, Abẹ́ Ló Ti Ń Gúnni. Òun gbọ́ ẹbọ, òun dá a sí méjì, ìdajì kò gba òun. Òun padà rú ìyókù, ire sì wọlé. Àwọn awo yin Ifá, Ifá yin Olódùmarè.

Ifá ní ẹbọ tí a fi apá kan rẹ̀ sílẹ̀ kò tíì di ẹbọ. Ó ní apá tó ń bí wa nínú láti rú, ibẹ̀ gan-an ni ìgbàlà wa wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàárì fún ẹ̀yìn ẹlòmíràn, tí ẹ ń tẹ́ ẹ sójú oòrùn tí ẹ ń yí i po, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù.